Àádọ́ta Tó Wà Nínú Ìwé

Àádọ́ta là ń pè é. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà lára káàdì tó fi ń wọlé síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka káàdì yẹn, títí kan àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni. Bàtà rọ́bà dúdú tí kì í dún nílẹ̀ ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ ní tirẹ̀ sì lè jí òkú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní yàrá ìdarí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí kò bá mi wí. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Àbúrò, àfi tí mo bá ṣe àṣìṣe, ìgbà yẹn ni mo máa ń di "ọ̀gbẹ́ni yìí".

Iṣẹ́ wa rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Iná tó ń wá látinú gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó wà nílẹ̀ wa, ojú wáyà ńlá kan náà ló ń gbà. Iná ọ̀hún máa ń mì, ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwọn èèyàn bá ń lò ju èyí tí ẹ̀rọ ń mú wá lọ, mímì náà á fà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tó wà lójú mítà ara ògiri wa á sì sọ̀kalẹ̀ sí mọ́kàndínláàádọ́ta. Bó bá sọ̀kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa bàjẹ́, gbogbo ìlú á sì ṣókùnkùn. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa wo abẹ́rẹ́ yẹn, ká máa fi tẹlifóònù bẹ àwọn oníẹ̀rọ pé kí wọ́n fi kún un, tàbí ká pa iná àdúgbò kan kí ti àwọn tó kù má bàa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé èèyàn ṣépè nígbà tí iná bá lọ, àwa ni ẹ ń gbé ṣépè. A ti mọ̀, kò dùn wá mọ́.

Nídìí iṣẹ́ yìí, Àádọ́ta ò lẹ́gbẹ́. Kí abẹ́rẹ́ tó sún, ó ti mọ̀. Ó ní etí òun ló ń sọ fún òun, pé òun ń gbọ́ ọ lára bí fáànù òkè ṣe ń dún. A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, títí di ọjọ́ tó kọ ẹ̀yìn sí mítà, tó sì ń pe nọ́ńbà rẹ̀ fún wa láìṣì.

Ibi méjì la ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pátákó dúdú kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ la ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tí abẹ́rẹ́ sọ ní tòótọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa lè mọ irú ọjọ́ tó ń kó sí. Bó bá ti di aago méje àárọ̀, a ó fi àkísà tútù nù ún. Ìkejì ni Ìwé Wákàtí, ìwé gbàràmù ẹlẹ́yìn líle tí à ń fi bírò kọ, tí wọ́n máa ń kó lọ sí yàrá ìkówèésí bó bá kún. Ohun tí à ń kọ síbẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni àádọ́ta.

Kì í ṣe pé ẹnì kan pàṣẹ pé ká máa purọ́. Ní ọdún kejì tí Ẹ̀gbọ́n wọṣẹ́, ó kọ mọ́kàndínláàádọ́ta sínú ìwé nítorí pé mọ́kàndínláàádọ́ta ló rí. Ọ̀gá ìgbà náà fún un ní kúẹ́rì: kí ló dé tó jẹ́ kí iná wálẹ̀? Ó fi ojú-ìwé mẹ́ta ṣàlàyé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún rí mọ́kàndínláàádọ́ta, ó tún kọ ọ́, kúẹ́rì mìíràn tún dé. Nígbà tí ìkẹta dé, àgbàlagbà kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, kọ òótọ́ sára pátákó, kó o kọ àlàáfíà sínú ìwé." Kò sẹ́ni tó ń fún àádọ́ta ní kúẹ́rì.

Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bó bá pẹ́, ọwọ́ á ti kọ ọ́ tán kí ojú tó dé ara mítà. Ti Ẹ̀gbọ́n ló dára jù nínú gbogbo wa: odindi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àádọ́ta tó tẹ́jú, tó mọ́ tónítóní, láìsí ìfàgilé kan. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìntì nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ wa, wọ́n sì ti fún un ní lẹ́tà pé òun ni yóò jẹ́ olùkọ́ àgbà. Inú ọ̀rá ló di lẹ́tà náà sí nínú báàgì rẹ̀, kí omi má bàa kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, mo rí i tó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwa olóríkunkun láìgba oyè kankan. Ó tó àkókò kí wọ́n fún un ní kíláàsì àti pátákó tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ariwo ayùn ti bá etí rẹ̀ kan jẹ́, ti ń kan tábìlì tó máa gbé lọ sí ọ́fíìsì náà: pákó líle, dúróà mẹ́rin, ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú kan. Bàbá ní kí n gbé ẹ̀gbẹ́ kan wò, mi ò lè mì ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ìyàwó mi ló máa jókòó tì í, kì í ṣe ìwọ."

Àkókò yẹn gan-an ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí iná núkílíà. Wọ́n ti pinnu pé àwọn máa kọ́ ọ. Ohun tó kù ni irú èyí tí wọ́n máa kọ́. Àwọn kan fẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí yóò máa mú ẹgbẹ̀fà mẹ́gáwáàtì wá. Àwọn kan ní ká ra kéékèèké mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú igba wá, ká sì máa so wọ́n mọ́ wáyà níkọ̀ọ̀kan bí agbára wa bá ṣe gbà. Gbogbo iná tó wà lójú wáyà wa nígbà náà, bó pọ̀ bó kéré, kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ.

Ẹnjiníà ìgbìmọ̀ náà wá lo ọjọ́ mẹ́ta ní yàrá ìkówèésí wa. Ọkùnrin gíga, tínrín, tó fi pẹ́ńsù mẹ́ta sápò àyà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Nígbà tó wá dágbére fún wa, ó ní ẹ̀rọ ńlá ló dínwó jù béèyàn bá pín in sórí iná tó ń mú wá. Ojúkò kan ṣoṣo la máa ṣọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo la máa kọ́, ibì kan ṣoṣo la sì máa tọ́jú ìdọ̀tí rẹ̀ sí.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni wáyà yín," ló wí. "Ẹ̀rọ ńlá ò ṣeé so mọ́ wáyà tó ń gbọ̀n. Àmọ́ mo ka Ìwé Wákàtí ọdún mẹ́wàá, Màmá, mi ò rí ibi tó ti gbọ̀n. Ìwé yín ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó tẹrí ba fún un kó tó jáde. Ẹ̀gbọ́n lọ dúró síwájú pátákó. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mọ́kàndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta àti ààbọ̀, mọ́kànléláàádọ́ta, mọ́kàndínláàádọ́ta.

Nígbà tí a ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án, ó ní, "Àbúrò, ìdá mẹ́wàá ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa ló mọ̀ ọ́n: kò yẹ kí ẹ̀rọ kan dá gbé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná lọ, nítorí ọjọ́ tó bá kú lójijì. Bí èèyàn méje bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀kan nínú wọn sín, àwọn mẹ́fà á dì í mú. Bó bá jẹ́ òmìrán tó dá gbé ẹ̀gbẹ́ kan ló sín, ẹsẹ̀ àwọn tó kù ló máa já lé. Ẹgbẹ̀fà nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ti núkílíà tún wá le sí i, torí bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú, ooru inú rẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ náà. Ó ṣì fẹ́ iná láti ìta tí yóò máa fi fa omi tútù sára. Òótọ́ ni pé jẹnẹrétọ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dúró láàárín òun àti jàǹbá ní gbogbo ìgbà tí wáyà wa bá dákú?

"Wọ́n á rí i fúnra wọn bí wọ́n bá so ó," ni mo wí.

"Wọ́n á ti kọ́ ọ tán nígbà yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oṣù mẹ́rin péré ló kù. Ẹ rántí lẹ́tà yín."

"Ẹ rántí tábìlì Bàbá," ni Ìyá Ìbejì wí. Òun ló ń di tẹlifóònù mú ní yàrá wa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbẹ́yìn. "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń dán an?"

Ẹ̀gbọ́n gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun pariwo rẹ̀ sí etí tó ń gbọ́ràn. Bàbá gbé bébà ìdánpákó sílẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n máa gba lẹ́tà náà padà. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n máa gbà á. Bàbá rò ó díẹ̀, ó sì mú bébà rẹ̀. "Tábìlì tí mo kàn kì í bèèrè ilé tí wọ́n máa gbé e sí," ló sọ, ó sì ń dán an lọ.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni ìgbìmọ̀ ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aráàlú. Alága wọn jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà wa wà níwájú, ó wọ kóòtù. Nígbà tí Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ dé orí wáyà, ó ní kí Àádọ́ta dìde, kí gbogbo èèyàn rí ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó dìde.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ló wí. "Irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀gá Àgbà sáré sọ pé ara màmá ò yá, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn. Alága ní kí Ọ̀gá Àgbà jókòó. Ó wá bi Ẹ̀gbọ́n pé bí irọ́ bá wà nínú ìwé, níbo ni òótọ́ wà?

"A nù ún," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ní aago méje àárọ̀, lójoojúmọ́."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, èló ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kékeré fún yín?" Ẹ̀rín tún ta. Mo rí ọrùn Ẹ̀gbọ́n láti ẹ̀yìn, iṣan rẹ̀ dìde. Ó lè gba kí wọ́n pè é ní òpùrọ́, ó ti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n pé ó gba rìbá, ìyẹn dùn ún wọ egungun.

Alága ní, "Ta ló tún ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí yín?"

Ìlà kẹta ni mo jókòó sí. Bàtà mi ni mò ń wò. Mo ka ihò okùn rẹ̀, mẹ́fà ló wà lápá kan. Ẹ̀gbọ́n ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ohun tí èmi fi ọwọ́ mi kọ ni mo wá sọ." Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó sì yẹ kó tì mí.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gba ẹnu mi gbọ́," ló tún wí. "Ẹ wá jókòó tì wá fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wò ó."

Wọ́n wá ní ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: Alága, Ẹnjiníà àti Ọ̀gá Àgbà. A gbé àga mẹ́ta sẹ́yìn wa. Ọjọ́ yẹn ni wáyà wá rántí ìwà ọmọlúàbí. Fún wákàtí kan ààbọ̀, abẹ́rẹ́ kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́ta, kò lọ, kò bọ̀. Ọ̀gá Àgbà ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Ìbejì sọ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé òun ò rí ibi tí wàhálà ti ń sá fún èèyàn rí.

Kí aago mẹ́fà tó lù, Ẹ̀gbọ́n gbórí sókè. "Ó ń bọ̀," ló wí. Ẹ̀rọ kan ní apá òkè ló kú. Kékeré ni, ọgọ́jọ mẹ́gáwáàtì péré ló ń mú wá, ṣùgbọ́n àkókò náà làwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n ń tan gbogbo iná ilé wọn. Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀, ó di mọ́kàndínláàádọ́ta, ó di méjìdínláàádọ́ta àti ààbọ̀. Tẹlifóònù mẹ́rin ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo, "Ẹ fi kún un! Mo ní kẹ́ ẹ fi kún un!" Ó ń na ìka sí mi, èmi ń pa àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Láàárín rẹ̀, aago lu mẹ́fà. Mo fa Ìwé Wákàtí sọ́dọ̀, mo kọ ọ́, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ẹnjiníà wí lẹ́yìn mi. "Kí lẹ kọ yẹn?"

Mo wo ìwé. Àádọ́ta ló wà níbẹ̀. Ó hàn kedere, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo wo mítà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí méjìdínláàádọ́ta àti ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, mi ò sì rò ó kí n tó kọ ọ́. Alága ìgbìmọ̀ wà lẹ́yìn mi, ayé ń wò mí, ọwọ́ mi sì lọ ibi tó ti mọ̀.

Ẹnjiníà ṣí ojú-ìwé sẹ́yìn, ó tún ṣí òmíràn. Ọ̀wọ́ àádọ́ta ni, ọwọ́ mi ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ ní gbọ̀ngàn: "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n nìkan."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún, ó ku ọdún kan.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ padà sókè, Ẹnjiníà jókòó. "Ọgọ́jọ ló fa gbogbo eléyìí?" ló bèèrè.

"Ọgọ́jọ péré," ni Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Kò bèèrè ohun tí ẹgbẹ̀fà máa fà.

Àwọn kékeré ni ìgbìmọ̀ mú: méjì lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún wáyà ṣe. Ẹnjiníà kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ó máa náni lówó ju ti ńlá lọ, pé ibi tí a máa ṣọ́ á pọ̀ sí i, àti pé ká ní wáyà wa le dáadáa ni, ńlá lòun ì bá mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ló tẹ̀ lé, nígbà tó rí nọ́ńbà.

Wọ́n gba lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n padà. Wọ́n ní ẹni tó kọ irọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi di òní. Àwọn tó ń fún un ní kúẹ́rì nítorí òótọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí irọ́! Ọkùnrin kan tí kò jókòó síwájú abẹ́rẹ́ rí láyé ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ àgbà. Tábìlì ọ̀hún wà ní pálọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ lórí rẹ̀, Bàbá sì fi rédíò rẹ̀ sínú dúróà tó ní kọ́kọ́rọ́.

A yọ pátákó kúrò lára ògiri. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá sọ là ń kọ sínú ìwé. Lóṣù àkọ́kọ́, kúẹ́rì ń rọ̀ bí òjò, a sì ń fi ojú-ìwé mẹ́ta mẹ́ta ṣàlàyé, títí ó fi rẹ àwọn tó ń kọ kúẹ́rì náà.

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n lò kẹ́yìn níbi iṣẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ló yẹ kó lọ. Wọn ò ṣe ìdágbére kankan fún un. Nígbà tí aago lù, ó ṣí Ìwé Wákàtí, ó wo mítà, ó sì gbé bírò dúró sókè. Kò kọ nǹkan kan.

"Àbúrò," ló wí, "dìde, wá wò ó."

Mo dìde. Abẹ́rẹ́ dúró gbọnrangandan sórí àádọ́ta.

"Àádọ́ta ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ wá."

Ìyá Ìbejì gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó wá, ó fojú sún mọ́ ọn. "Àádọ́ta ni o, mo fi àwọn ìbejì mi búra." Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi àwàdà kún un.

Ẹ̀gbọ́n ní ká fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, àwa méjèèjì. A fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ló tó kọ ọ́, àádọ́ta ọ̀hún sì wọ́ sí apá kan. Ó dé bírò, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó ní kí n má gbàgbé láti pe àwọn oníẹ̀rọ ní aago mẹ́rin.